Mo fowó mi ra wèrèpè: ohun tí ojú mi rí àti bó ṣe bá èkan jà

Nígbà tí mo gbé àpò irúgbìn wèrèpè dé oko mi lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, àwọn lébìrà méjì tí mo gbà ní àwọn ò ṣe. "Ọ̀gá, ẹ tún wá fowó ra ìyúnra ni?" Mi ò bá wọn jà. Ẹni tí wèrèpè inú igbó bá ti yún rí, kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n irú èyí yàtọ̀, èèpo rẹ̀ ò ní irun tó ń yúnni. Mo ki ọwọ́ bọ àpò náà dé ìgúnpá, mo ní kí wọ́n dúró kí wọ́n wò bóyá màá họra.

Koríko tí wọ́n ń pè ní èkan ló gbé mi débẹ̀. Ó ti gba odidi éékà kan mọ́ mi lọ́wọ́. Tí ẹ bá wa ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ óò rí gbòǹgbò funfun tó ní oríkèé bí ìrèké kékeré, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ní 2022 mo wa iṣu kan tí èkan gún láti ẹ̀gbẹ́ kan yọ sí ìkejì. Nígbà tí a bẹ́ ẹ, ibi tó gbà kọjá ti dúdú, ó ti ń rà. Ẹ fi ọkọ́ gé gbòǹgbò yẹn sí mẹ́rin, ó lè di èkan mẹ́rin. Iná ńkọ́? Ewé nìkan ló ń jó, ti abẹ́ ilẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Gbogbo èèyàn ní kí n fọ́n oògùn apakoríko sí i, àmọ́ odò tí a ń pọn mu wà nísàlẹ̀ oko náà gan-an.

Èkan ò lè gbé inú ibòòji. Wèrèpè máa ń fi ewé rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ohun tó fi ń mú un nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Mono ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ń gbìn ín sórí èkan láti ìparí àwọn ọdún 1980.

Ìparí oṣù kẹrin 2023 la ṣán èkan náà mọ́lẹ̀, a sì gbin hóró méjì méjì sí ihò kan. Kìlò 15 ni mo rà, owó rẹ̀ ò sì tó ìdajì ohun tí mo ń san fún ìroko lọ́dún kan. Àṣé kòkòrò ti lu púpọ̀ nínú rẹ̀! Ẹni tó tà á ò gbé fóònù mi mọ́. Ẹ gbin ogún hóró wò ná kí ẹ tó ra àpò.

Oṣù àkọ́kọ́, bí ẹni pé mo fi owó ṣòfò ni. Èkan ló ń ga jù, a sì tún un ṣán lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ewé wèrèpè ti kan orúnkún mi. Mo fi ọwọ́ ya ewé náà, mo wo ìsàlẹ̀: èkan ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sùn sílẹ̀ bí okùn tó ti jẹrà.

Ẹ má rò pé kò ní wàhálà tiẹ̀ o. Kò mọ ààlà. Ó gun ọ̀pẹ kékeré mi mẹ́ta, ó fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wó. Tí ẹ bá fẹ́ gbìn ín pọ̀ mọ́ àgbàdo, ẹ jẹ́ kí àgbàdo tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ná, kí wèrèpè má baà fún un pa. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni se hóró wèrèpè bí ẹ̀wà nítorí ó jọ ọ́. Ó máa ń mú èèyàn bì, ó sì lè da orí rú. Nígbà ọyẹ́ ó kú fúnra rẹ̀, ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ nípọn. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù ni iná, ni mo bá ro etí oko náà yí ká, fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.

Ọdún 2024, inú ewé gbígbẹ yẹn ni mo gbin àgbàdo sí, láìkọ ebè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo roko. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni tẹ́lẹ̀. Ohun tó ná mi gan-an ni pé ilẹ̀ náà ò so ohunkóhun fún mi ní odidi ọdún kan. Ẹni tí kò ní ibòmíràn tí yóò gbin oúnjẹ sí, kó má fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkan ṣì kù nídìí ọ̀gán, ó sì kù létí ààlà. Aládùúgbò mi ò gbin wèrèpè, tiẹ̀ sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ bọ̀ wá bá mi. Gbogbo Sátidé ni mo ń gbé ọkọ́ lọ pàdé rẹ̀.