Àpótí 49:1 lórí wáyà 20 mítà: ohun tí mo rí lẹ́yìn tí mo tú u wò

Wáyà áńtẹ́nà kan ṣoṣo tí yóò gbé mítà 40, 20, 15 àti 10 (báǹdì tí àwa aláfẹ́ rédíò fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, gígùn ìgbì wọn la fi ń pè wọ́n) láìsí tuner, ẹ̀rọ tó ń mú áńtẹ́nà bá rédíò mu, ni mo ń wá, torí àyè ilé wa ò gbà ju wáyà kan lọ: igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, ọparun kan tí mo rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àti òrùlé páànù láàárín wọn. Dipole, áńtẹ́nà alápá méjì, tí mo fi wáyà iná ṣe fúnra mi ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, apá kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 10. Lórí 7.1 MHz, ó ń ṣiṣẹ́ gidi. Ó ń gbé mítà 15 náà díẹ̀, nítorí 21 jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 7. Ṣùgbọ́n tí mo bá lọ sí mítà 20 tàbí 10, ìdènà àárín wáyà, níbi tí coax (wáyà tó lọ sí rédíò) ti wọlé, á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohm, tuner inú rédíò IC-7300 mi kò sì lè gba ohun tí SWR rẹ̀ ju 3 lọ. SWR ni òdiwọ̀n bí áńtẹ́nà ṣe bá rédíò mu tó; 1 ló dára jù.

Bí mo ṣe paṣẹ́ àpótí 49:1, transformer kékeré tó ń pín ohm ìdí wáyà sí 49, lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Owó rẹ̀ kò tó owó àpò ìrẹsì kan. Iṣẹ́ títún tẹlifísọ̀n ṣe ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n kì í gbé ohun tó ní nọ́ọ̀tì sókè láì tú u wò. Òrùka ferrite (ohun dúdú tó ní agbára òòfà) kan, irú 43, ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n wé e lẹ́ẹ̀mejì fún apá tó lọ sí coax, lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá fún apá tó lọ sí wáyà. Ìlọ́po 7 ti 2 ni 14, 7 lọ́nà 7 sì ni 49. Ìdí wáyà tó gùn tó ìdajì ìgbì máa ń jẹ́ bíi 2,450 ohm. Ẹ pín in sí 49, ẹ ó rí 50 tí rédíò fẹ́. Kàpásítọ̀ 100 pF wà lórí apá tí wọ́n wé lẹ́ẹ̀mejì, òun ló ń ran mítà 15 àti 10 lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o mọ́, ó dán. Òrùka yẹn nìkan ni ara mi ò gbà. Wọ́n kọ 100 wọ́ọ̀tì sára ike rẹ̀, ṣùgbọ́n òrùka ìwọ̀n FT140 ni mo bá nínú rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 35 mm lọ. FT240, tó fẹ̀ tó 61 mm, ni ọ̀pọ̀ wa máa ń wé fún irú agbára bẹ́ẹ̀.

Mo so apá dipole méjèèjì pọ̀ di wáyà kan, mo mú ìdí rẹ̀ wọ àpótí lórí ọparun, mo sì fa ìparí rẹ̀ lọ sórí igi máńgòrò. Mo há wáyà mítà 2 mọ́ nọ́ọ̀tì ilẹ̀ àpótí. Ẹ má ṣe fò èyí tó kàn yìí: ẹ wé coax mọ́ òrùka ferrite kan kó tó wọlé. Láìsí i, coax fúnra rẹ̀ á di ara áńtẹ́nà. Ìyàwó mi á máa gbọ́ ohùn mi nínú tẹlifísọ̀n, ariwo ínfátà á sì máa wọ inú rédíò mi.

Ọ̀rọ̀ gígùn wáyà ló gba sùúrù jù. NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi SWR hàn, ni mo fi ń wò ó. Mo ń ká ìparí wáyà padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, n kò gé e, títí mítà 40 fi bọ́ sí 7.1 MHz. Mítà 10 wá lọ jókòó sókè 29 MHz, mítà 20 náà sì fẹ́ jáde lókè báǹdì. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ìparí wáyà nìkan ló ti ń dà bí ẹni tó gùn ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà ìdajì ìgbì mẹ́rin lórí wáyà kan kò bọ́ sí ìlọ́po mẹ́rin 7.1 gẹ́lẹ́, ó máa ń ga jù ú lọ. Ojútùú rẹ̀ ni kọ́ìlì kékeré. Mo wé wáyà lẹ́ẹ̀mẹfà mọ́ páìpù ike 25 mm tí àwọn oníná fi ń gba inú ògiri, bíi 1 µH, mo sì fi sí mítà 2 láti ìdí wáyà. Ibẹ̀ ni iná mítà 10 ti pọ̀ dáadáa, iná mítà 40 sì kéré níbẹ̀, nítorí náà kọ́ìlì náà fa mítà 10 wálẹ̀ gan-an, ó fa 20 díẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan 40. Lẹ́yìn rẹ̀, báǹdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sábẹ́ SWR 2. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sídìí rédíò títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àríwá sí gúúsù ni wáyà mi nà. Lórí mítà 20, ó ti di odidi ìgbì kan, agbára rẹ̀ sì ń pín sí igun mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn kọjú sí Bràsíl: àwọn ará São Paulo ń wọlé ketekete. Ítálì wà ní ọ̀gangan orí wáyà, ohùn wọn sì rẹlẹ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe rí lórí mítà 40 lọ. Ẹ ro ìyẹn kí ẹ tó yan igi tí ẹ máa so ó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mítà 80 lè fi kọ́ìlì bíi 110 µH sí ìparí àti wáyà mítà 2 lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àyè tí yóò gbà nínú báǹdì náà kéré. Mo fi í sílẹ̀.

Ooru ni wàhálà àpótí yìí. FT8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń ránṣẹ́ kúkúrú lórí rédíò, ń ránṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 12.6 nínú 15, agbára rẹ̀ kì í sì í rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ní 100 wọ́ọ̀tì, kò pẹ́ tí SWR fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú mi, nígbà tí mo sì fọwọ́ kan ike, ó gbóná. Ferrite 43 ń pàdánù agbára òòfà rẹ̀ tó bá kọjá nǹkan bíi 130°C. Ní 30 wọ́ọ̀tì, ó tutù. Pẹ̀lú ẹnu, mo lo 100 láìsí wàhálà.

Tí ẹ bá ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ tàbí ẹ ń ta CW (àmì Morse), ẹ rà á, ẹ kan dá ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi òjò lè jáde. Ẹni tó fẹ́ ṣe FT8 pẹ̀lú 100 wọ́ọ̀tì, kó ra òrùka FT240-43 méjì, kó lẹ̀ wọ́n pọ̀, kó wé e fúnra rẹ̀. Ó sì yẹ kí ẹni tó ń tà á kọ 30 wọ́ọ̀tì fún FT8 sára ike náà.