Bébà Tó Wà Lọ́wọ́ Òṣèré: Àgbéyẹ̀wò Alẹ́ Ìtàn Kíkà

Alẹ́ mẹ́rin ni mo ti lọ jókòó gbọ́ àwọn òṣèré tó ń fi eré ṣíṣe jẹun, bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú èrò tí wọ́n ń ka ìtàn kúkúrú sókè. Kò sí aṣọ eré, kò sí ilé tí wọ́n fi pákó kàn sórí ìtàgé, kò sí orin abẹ́lẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju pátákó kékeré tí wọ́n ń gbé ìwé lé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan, ife omi, àti iná tó mọ́ sórí ẹni tó ń kàwé. Tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo rà lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì lọ sí gbogbo rẹ̀ láìpa ọ̀kan jẹ.

Nígbà tí òṣèré àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, inú mi kò dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó há ọ̀rọ̀ sórí, kí ló dé tí kò lè há ojú ìwé mẹ́wàá? Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí èrò yẹn fi kúrò lọ́kàn mi.

Ìtàn tó kà dá lórí ọkùnrin kan tó ń gbé àkàbà tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ lọ dá padà, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí àwọn méjèèjì kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn náà kò ju ìyẹn lọ. Obìnrin tó kà á á ti lé ní ọgọ́ta ọdún lójú tèmi. Aṣọ dúdú lásán ló wọ̀, ó lo awò ojú. Mo ti ń retí pé yóò yí ohùn padà, kí ohùn ẹnì kan ki, kí ti èkejì tín-ín-rín. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹni tó gbé àkàbà bá ń sọ̀rọ̀, á yí orí díẹ̀ sápá òsì. Tí onílé bá ń fèsì, orí á padà sápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ á sì falẹ̀ díẹ̀. Títí ìtàn fi parí, n kò ṣi ẹnì kan mú fún èkejì.

Ó dé ibì kan tí onílé náà ti ní, "Gbé e síbẹ̀ yẹn." Obìnrin yìí ka gbólóhùn náà, ó dákẹ́. Bébà ló ń wò, kò wò wá. Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé mo gbọ́ bí ẹni tó wà lẹ́yìn mi ṣe mí kanlẹ̀. Nígbà tó tún lanu, tó ní, "Ó gbé e síbẹ̀," omijé ti lé ròrò sí mi lójú. Lọ́jọ́ kejì mo wá ìwé tí ìtàn náà wà nínú rẹ̀, mo kà á fúnra mi. Mo ti sáré kọjá gbólóhùn méjèèjì yẹn kí n tó rántí pé ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ sunkún. Bí mo ṣe máa ń kàwé nìyẹn, ojú á ti sáré dé ìsàlẹ̀ kí ọkàn tó gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò lè sáré ju ẹnu obìnrin náà lọ.

Bébà yẹn ló sì jẹ́ kí ó lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí òṣèré tó há ọ̀rọ̀ sórí bá dákẹ́ pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í ba èrò pé bóyá ó ti gbàgbé. Àmọ́ nígbà tí bébà bá wà níwájú rẹ̀, gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó kàn wà lábẹ́ ojú rẹ̀, pé ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró. Ohun mìíràn tún wà. Inú ìtàn kúkúrú kún fún ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ nínú eré, irú bíi "kò mọ̀ pé ohun tó ń ṣe òun, ìbẹ̀rù ni." Ta ló ń sọ ìyẹn? Asọ̀tàn ni. Bébà ló ń jẹ́ kí òṣèré lè jẹ́ asọ̀tàn nìṣó, kó má di ọ̀kan nínú àwọn tí ìtàn ń sọ nípa wọn. Charles Dickens, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó fún kíka ìtàn ara rẹ̀ fún èrò ní 1858, ó sì ń ṣe é títí wọ inú 1870, ọdún tó kú. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣètò bí tábìlì ìkàwé rẹ̀ yóò ṣe rí. Ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú àwọn ìwé tó fi ń kà, ó sì kọ bí òun yóò ṣe ka ibi kọ̀ọ̀kan sí etí wọn. Ó ti mọ àwọn ìtàn náà dunjú débi pé agbára káká ló fi ń wo ìwé, síbẹ̀ kò fi ìwé sílẹ̀. Ó ti wá yé mi.

Alẹ́ kejì ló jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan yìí ṣeé bàjẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé ìtàn fún. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú ìtàn náà, ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀: ọ̀kan ń ránmú, ọ̀kan ń kólòlò, ọ̀kan ń húkọ́. Ó kúrò nídìí gbohùngbohùn, ó ń na ọwọ́, ó ń rìn káàkiri. Èrò rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kó tó dé ìdajì, ohùn arábìnrin tó ń húkọ́ ti bọ́ sẹ́nu onílé, òṣèré fúnra rẹ̀ sì ní láti padà sídìí pátákó wá ibi tó kà dé. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ń gbé "ó ní" àti "ó fèsì" mì, bí ẹni pé wọn kò wúlò mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ohùn ti yàtọ̀. Ẹni tó kọ ìtàn kò ṣèèṣì kọ wọ́n. Èèyàn ń fi wọ́n mí, wọ́n sì ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rọlẹ̀ kí òmíràn tó dé. Nígbà tó parí, mo mọ bí òṣèré náà ṣe mọṣẹ́ tó, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ìdí tí arábìnrin náà fi ta ilé.

Ẹ̀sùn mi tó wúwo jù kò kan òṣèré rárá. Ní alẹ́ kẹta, atọ́kùn ètò jáde, ó lo ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti sọ ohun tí ìtàn dá lé, ohun tó yẹ ká rí kọ́ níbẹ̀, ó sì jẹ́ ká mọ̀ pé bàbá inú rẹ̀ kò ní padà wálé. Ọkàn mi bàjẹ́. Tí wọ́n bá ti tú ìparí ìtàn kúkúrú síta, kí ni òṣèré yóò kà? Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣètò rẹ̀, wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ní alẹ́ kẹrin, orúkọ òǹkọ̀wé àti ti òṣèré nìkan ni atọ́kùn pè kó tó kúrò níwájú wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìtàn alẹ́ kẹta yẹn gùn jù pẹ̀lú. Ẹni tó ń kàwé sókè láìkánjú máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 150 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìtàn tó ní ọ̀rọ̀ 3,000 á gbà tó ogún ìṣẹ́jú, èyí tó ní 6,000 á gba ogójì. Èyí tí à ń wí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan, láti ìwọ̀n ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni àga sì ti ń dún káàkiri gbọ̀ngàn. Wọ́n sì tiẹ̀ ti gé e kúrú o! Nígbà tí mo ka ìwé, mo rí i pé odindi ojú ewé kan nípa ọmọbìnrin bàbá náà ni wọn kò kà. N kò sọ pé kí wọ́n má gé ìtàn, àmọ́ kí wọ́n sọ fún wa pé àwọn gé e.

Ẹni tí kò bá rí irú ètò yìí nítòsí lè gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbọ̀ngàn Symphony Space ní New York ti ń ṣe ètò ìtàn kíkà tí wọ́n ń pè ní Selected Shorts láti 1985, ó máa ń wà lórí rédíò, ó sì wà gẹ́gẹ́ bíi podcast. Ní London, ẹgbẹ́ Liars' League bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní 2007. Ìtàn tuntun ni àwọn òṣèré ń kà níbẹ̀. Mo fi etí sí Selected Shorts láàárín alẹ́ kejì àti ìkẹta láti fi wéra, kíkà náà sì dára gan-an. Àmọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni mo yọ fóònù lápò láti wò ó bóyá ó ti dákẹ́, òṣèré ló kàn sinmi. Nínú gbọ̀ngàn, irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ kì í dà bí ohun tó bàjẹ́, torí gbogbo wa la jọ ń dúró.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jókòó níwájú, kì í ṣe nítorí ìríran bí kò ṣe nítorí ẹnu. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn tí mo jókòó sí ní alẹ́ kejì, ọ̀rọ̀ tó bá rọlẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa.

Alẹ́ kẹrin, mo mú ọ̀rẹ́ mi kan dání tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń kọ̀ láti bá mi lọ wo eré, nítorí ó máa ń rẹ̀ ẹ́ láti máa bi mí pé ta ló wọlé, kí ni wọ́n gbé lọ́wọ́. Obìnrin alákàbà yẹn náà ló tún kàwé lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi kò bi mí ní nǹkan kan títí ó fi parí. Nígbà tí à ń jáde, ó di apá mi mú, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló ṣí ojú ewé. Ní ti ẹ̀ẹ̀kẹfà, kò fẹ́ ṣí i." Mo ní òótọ́ ni, ó pẹ́ kó tó ṣí i. Ó ní òun gbọ́ ìka rẹ̀ lára bébà.