Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin káfíńtà! Bíìtì HSS ayédèrú àti dírílì tí wọ́n ní ó ń gbẹ́ ihò mọ́tíìsì

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ ń ṣe ilẹ̀kùn àti àga, inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. ₦223,000 ti wọgbó! Dírílì onídùúró tòkunbọ̀ ₦185,000, bíìtì milling (èyí tó ń fẹ̀gbẹ́ gbẹ́ nǹkan) márùn-ún ₦38,000. HSS ni wọ́n pè é, irin líle tó ń fara da ooru.

Fídíò ni mo rí. Ọkùnrin tó ń tà á de pákó mọ́ orí tábìlì dírílì, ó ń tì í lọ tì í bọ̀ lábẹ́ bíìtì, ihò mọ́tíìsì, ihò tí wọ́n ń ki ẹnu igi mìíràn bọ̀, jáde geere, kò fọwọ́ kan ṣísẹ́lì rárá. Ilẹ̀kùn ìrókò mẹ́jọ wà lọ́rùn mi nígbà yẹn, kọ́sítọ́mà ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́. Mo bi í léèrè o, ẹ má sọ pé mi ò bèèrè, mo ní ṣé igi líle ò ní dà á láàmú, ó ní "ọ̀gá mi, kí là ń pè ní ìrókò, irin gan-an ó ń gbẹ́ ẹ, HSS ògidì láti Jámánì ni." Jámánì! Ọmọṣẹ́ mi ní "ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lọ fojú rí i ná", mo pa á lẹ́nu mọ́, mo san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ihò kẹta, bíìtì 12mm di búlúù, èéfín gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ẹnu ẹ̀ ti kú pátápátá, bẹ́ẹ̀ HSS gidi kì í tètè rọ̀ nínú ooru báyẹn. Ihò kẹrin, chuck, ẹnu dírílì tó ń di bíìtì mú, já bọ́ tòun ti bíìtì tó ṣì ń yí, díẹ̀ ló kù kó bá ìka mi. Mo wá fi kẹrosíìnì nu ìdí bíìtì yòókù, HSS tí wọ́n kọ síbẹ̀ pa rẹ́. Máákà ni wọ́n fi kọ ọ́! Máákà o!

Mo pè é, ó ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò. Èmi tí mo ti ń gbẹ́ ihò láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún! Ó wá búlọ́ọ̀kù mi. Ó dáa, mo gbà, ó yẹ kí n rántí pé wọ́n kàn ki chuck dírílì bọ inú spindle (ọ̀pá tó ń yí chuck) ni, títẹ̀ wálẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, tẹ́ ẹ bá ti ń tì í látẹ̀gbẹ́ ó máa tú, bíárìn náà á sì máa jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó tà á mọ̀, ó mọ̀ dáadáa, ó sì gbowó mi. Olè ni! Gbogbo àwọn tó ń ta irinṣẹ́ lórí fóònù yìí, mi ò gba ẹnì kankan gbọ́ mọ́.

Ẹ mú fáìlì, irin tẹ́ ẹ fi ń pọ́n ayùn, dání tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra bíìtì, tó bá ti jẹ ẹnu ẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ mi spindle wò. Ẹ bèèrè draw bar, irin tó ń gba òkè wọlé tó ń di nǹkan mú, dírílì lásán kì í sábà ní in. Ihò tó tẹ̀ léra ni kẹ́ ẹ fi dírílì lu, kẹ́ ẹ wá fi ṣísẹ́lì tún un ṣe. Ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó rí ọjà.

Ilẹ̀kùn márùn-ún ló ṣì kù nílẹ̀, ṣísẹ́lì àti òòlù ni mo fi ń gbẹ́ wọn báyìí. Ẹni tó bá ti rí fídíò yẹn, tó ń wá owó jọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.