Àwo àkọ́kọ́ Black Sabbath: ó ṣì wúwo títí dòní

Òjò lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà àrá, àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dún lókèèrè. Lójijì ni gìtá Tony Iommi já wọlé pẹ̀lú ohùn mẹ́ta péré, tó ń fà wọ́n bí ẹni wọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nílẹ̀. Mo ti gbọ́ heavy metal, ìyẹn orin rọ́ọ̀kì onígìtá líle, tó pariwo ju èyí lọ dáadáa, àmọ́ mi ò tíì gbọ́ èyí tó wúwo tó o. Wọn ò kánjú rárá, ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà.

Ọmọ Aston ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin Black Sabbath. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin ti gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún Iommi, bẹ́ẹ̀ ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn gìtá. Ó yọ́ ike ìgò, ó fi ṣe ìdérí fún ìka rẹ̀, ó sì lọ wá okùn tó fẹ́lẹ́ tí kò ní máa ni ín lára. Ọwọ́ yẹn lẹ̀ ń gbọ́ níbí.

Lóṣù Kẹwàá 1969, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gba orin inú àwo náà sílẹ̀ ní London. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójú agbo ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òjò àti agogo wọlé. Ẹ fi íafóònù gbọ́ báàsì Geezer Butler nígbà tó dá wà kí orin “N.I.B.” tó gbéra: ó ń ké, ó ń kùn, kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́. Ìlù Bill Ward náà ń mí, kò le gbagidi.

“Evil Woman” kò ṣe mí ní nǹkan kan, orin ẹlòmíì ni wọ́n tún kọ. “Warning” gùn ju bó ṣe yẹ lọ, gìtá náà yí kiri títí ó fi sú mi.

Nígbà tó jáde ní 1970, àwọn oníròyìn orin bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ìwé ìròyìn Rolling Stone náà sì wà nínú wọn. Àwọn tó ń ra àwo ò dá wọn lóhùn: lórí àtẹ àwo tó ń tà jù, ó gun ipò 8 ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dé 23 ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ẹgbẹ́ tó ń kọ doom metal, ìyẹn heavy metal tó ń falẹ̀, lónìí ló ń jẹ orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ní gbèsè. Nígbà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣeré ìdágbére ní pápá bọ́ọ̀lù Villa Park, ní Aston kan náà, lóṣù Keje 2025, orin mẹ́rin péré ni wọ́n kọ. “N.I.B.” wà níbẹ̀.