Alùpùpù BSA Bantam ọdún 1951 tí mo fi ń gun orí òkúta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn eré àsápajúdé, màṣíìnì yìí kì í ṣe tiyín o. Nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní trials, kò sẹ́ni tó ń sáré. Orí òkúta, inú odò, àárín ẹrẹ̀ ni wọ́n á ní kó o gbà. Bó o bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ 1 sí ọ lọ́rùn; lẹ́ẹ̀mejì, 2; bó bá ju ìyẹn lọ, 3; bí màṣíìnì bá dúró, 5. Ẹni tí tiẹ̀ bá kéré jù ló gbégbá orókè.

Birmingham níbí ni mo ti rà á lọ́dún tó kọjá, ìlú tí wọ́n ti ṣe é gan-an, ní Small Heath. Kì í ṣe tòkunbọ̀. Èmi ni mo kọjá òkun wá bá a. Ẹni tó tà á fún mi búra pé jíà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mẹkáníìkì ni. Ìgbà tí mo tú u, eyín jíà kejì ti jẹ tán bí eyín ìyá àgbà. Mo ra òmíràn, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni mo máa yìn. 123 cc péré ni. Ti àwọn ará Jámánì ni tẹ́lẹ̀, DKW RT125. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n gba àwòrán rẹ̀ bí ìkógun, iléeṣẹ́ BSA sì yí i padà bí ẹni ń wo dígí, kí ẹsẹ̀ jíà lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún tó mọ́ àwọn ará ibí lára. Ọdún 1948 ló jáde. Epo tí a po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ ló ń mu, òórùn èéfín rẹ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ kékeré I Pass My Neighbour, ọmọ ìyá ni wọ́n. Nínú òtútù pàápàá, bí mo bá ti tapá sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ti jí nìyẹn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni jíà mẹ́ta yẹn. Láti orí ìkíní dé ìkejì, bí ẹni fò gọ́tà ni. Lóṣù tó kọjá, nínú odò kan báyìí, ìkíní ń ké fín-ín-fín, mo bọ́ sí ìkejì, ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Omi dé orúnkún mi. 5! Kò sì sí sípíríìǹ lẹ́yìn, ìbàdí mi ló ń sanwó rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, màṣíìnì ńlá ni wọ́n kà sí nínú trials. Olùdíje kan, Hugh Viney, fi màṣíìnì AJS gba ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́fà ti Scotland lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, 1947 sí 1949. Olùdíje mìíràn, Sammy Miller, fi Ariel 500 cc tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ GOV 132 gbà á ní 1962 àti 1964. Àfi bó ṣe gbé Bultaco ilẹ̀ Sípéènì dé ní 1965, màṣíìnì fúyẹ́fúyẹ́ tó ń mu òróró pọ̀ mọ́ epo bíi tèmi, tó sì tún gbà á. Lójú tèmi, BSA ní irú rẹ̀ lágbàlá. Ọmọ tó ń pín tẹ́lígíráàmù ni wọ́n gbé e fún.

Ẹni tó bá sanra, kó wá Bantam D7, 175 cc ni. Kẹ́ ẹ tó sanwó ṣá, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tú jíà níṣojú yín, kẹ́ ẹ ka eyín rẹ̀.