Fáktírì aṣọ kékeré ní Tiruppur: rírán wọn dáa gan-an, ibi aró ni kẹ́ ẹ ti lajú yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ibi tí mo ti ń rán àwọn tíṣẹ́ẹ̀tì mi, ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan. Tiruppur ni, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní gúúsù Íńdíà, kò jìnnà sí Coimbatore. Gbogbo aṣọ òwú tó máa ń fà yẹn, tíṣẹ́ẹ̀tì o, pólò o, síńgílẹ́ẹ̀tì o, pátá o, aṣọ ọmọ ọwọ́ o, ibẹ̀ nilé wọn, kò sí ìlú míì ní Íńdíà tó ń kó irú ẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun tó wọn, àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló ń pe ìlú wọn ní Dollar City. Àwọn ńlá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ránṣọ fún àwọn ilé ìtajà tó lórúkọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, mi ò bá àwọn yẹn ṣe rí. Àwọn kékeré àti àwọn àárín ni mò ń sọ, àwọn tí ọ̀gá fúnra ẹ̀ máa gbé fóònù tẹ́ ẹ bá pè, tó tún máa gun alùpùpù lọ wo aṣọ níbi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ẹni tẹ́ ẹ gbéṣẹ́ fún kọ́ ló máa ṣe gbogbo ẹ̀. Ó máa ra òwú lọ́dọ̀ àwọn tó ń ran òwú, á gbé e lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ híhun, aṣọ á jáde níbẹ̀ ní roboto, àwọ̀ funfun tí ò mọ́ tónítóní, wọ́n á wá kó o lọ sílé aró, láti ilé aró ó tún máa lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fún aṣọ pọ̀ kó má bàa súnkì tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ nílé, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa padà sọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn fún gígé àti rírán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tẹ àwòrán sí i, ó tún jáde nìyẹn, ilé ẹlòmíì ló ń lọ. Job work ni wọ́n ń pè é, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tiẹ̀, kálukú pẹ̀lú owó tiẹ̀. Torí náà, ojú ọ̀gá yẹn àti ẹsẹ̀ tó fi ń sáré lẹ́yìn aṣọ yín lẹ̀ ń sanwó fún, kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ nìkan.

Rírán wọn? Ẹ ò lè bá wọn wí. Ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ àti tapá dọ́gba, òwú ò ja jábájàbà, ọrùn ò tú lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, wọ́n fi téèpù sí èjìká nínú láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Ohun tó tún wù mí ni bí wọ́n ṣe ń sọ owó, kì í ṣe iye kan gbògbòrò tí wọ́n kàn jù síni lójú. Owó òwú lórí kílò kan ní rupee, ìyẹn owó Íńdíà, owó híhun lórí kílò, owó aró lórí kílò, owó gígé àti rírán lórí ẹyọ kan, gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí owó òwú bá gbéra lọ́jà ẹ̀yin náà máa rí ibi tí owó yín ti lé. Ẹ ṣáà ti mọ GSM tẹ́ ẹ fẹ́, ìyẹn bí aṣọ ṣe wúwo tó, torí tẹ́ ò bá sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ dín owó kù máa fún yín léyìí tó fẹ́lẹ́, á sì ní tíṣẹ́ẹ̀tì ṣáà ni.

Ibi tí mo ti yọ máàkì ni aró. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo gbéṣẹ́ fún, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kó aṣọ dúdú wá fún mi tí ara ẹ̀ dúdú kirikiri tí apá ẹ̀ ń fà sí eérú, ó dùn mí gan-an torí rírán ẹ̀ dáa, kò sí bí mo ṣe fẹ́ tà á fún èèyàn. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n rẹ gbogbo aṣọ yẹn, àwọn kan wọ ẹ̀rọ lọ́tọ̀, àwọn kan wọ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n bá wá gé wọn pọ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ̀rọ aró máa ń gba aṣọ tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ́dà kékeré máa ń dúró de tẹlòmíì kó tó wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ díẹ̀, àwọ̀ tí wọ́n ti ní nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, ọkàn yín á balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aró yẹn ju ọ̀rọ̀ àwọ̀ lọ o, òun ló sì ká mi lára jù. Odò Noyyal ló gba inú ìlú yẹn kọjá, fún ọ̀pọ̀ ọdún inú ẹ̀ ni wọ́n ń da omi aró sí. Ìsédò Orathupalayam tí wọ́n parí lọ́dún 1992 kí àgbẹ̀ lè fi bomi rin oko, omi iyọ̀ àti aró ló kún ún, àgbẹ̀ ò rí i lò. Nígbà tó wá di oṣù kìíní 2011, ilé ẹjọ́ gíga Madras ní kí wọ́n ti àwọn ilé aró pa, àfi ẹni tó bá lè ṣe é kí ẹ̀kán omi kan má jáde lọ sódò. Ní báyìí wọ́n ń sẹ́ omi yẹn, wọ́n ń tún un lò, èyí tó kù wọ́n ń fi iná gbẹ ẹ́ títí iyọ̀ á fi yọ, àwọn kékeré pọ̀ tí wọ́n jọ ń lo ibi ìfọmi kan ṣoṣo. Owó ńlá ni, inú owó aró tẹ́ ẹ ń san ló wà. Èmi o, tẹ́nì kan bá pe owó aró fún mi tó fi rẹlẹ̀ jìnnà sí tàwọn tó kù, mo máa ń bi í pé ilé aró wo, ibi ìfọmi wo ni wọ́n so mọ́, tó bá ti ń tò mí yíká, mo ti bá tèmi lọ.

Àkókò náà ò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kún un, pàápàá tí ọdún Deepavali bá ń bọ̀ tàbí ọdún Pongal nínú oṣù kìíní, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti Bihar àti Odisha wá, àwọn ìpínlẹ̀ Íńdíà míì tó jìnnà síbẹ̀, tí wọ́n bá wọ rélùwéè lọlé ọdún, wọn kì í tètè dé.

Ẹ má bínú tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san àsansílẹ̀. Òfin Íńdíà ti 2006 ní ẹni tó bá rajà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kékeré ò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 45 kó tó sanwó, síbẹ̀ àwọn tó ń jẹ wọ́n lówó ò tán. Lóṣù kẹjọ 2025 tí Amẹ́ríkà tún gbé owó ibodè ọjà Íńdíà dé 50%, ọ̀gá tó ń ránṣọ fún mi sọ pé iṣẹ́ tóun ń gbà lọ́wọ́ àwọn ńlá dúró pátápátá, owó iṣẹ́ àwọn télọ̀ ò sì dúró. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀, mo máa ń tètè san bálánsì ẹ̀.

Ẹni tó bá kàn fẹ́ ra díẹ̀ wọ̀, ẹ lọ sí ọjà Khaderpet nínú ìlú yẹn, aṣọ tó ṣẹ́kù nínú ọ́dà òkè òkun ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ó pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n ẹ na ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Pólò aláwọ̀ ewé ni mo tún fẹ́ ṣe báyìí, mo ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ègé aṣọ tí wọ́n rẹ ránṣẹ́ sí mi kí n rí àwọ̀ ẹ̀ lójú oòrùn, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìyókù.