Káàdì QSL àti LoTW: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń lo méjèèjì

Láti ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ṣe rédíò ham, ìyẹn rédíò tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn, ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti fi ń fìdí ìbánisọ̀rọ̀ mi múlẹ̀: káàdì QSL oníwèé, tí a fi ń jẹ́rìí pé a bá ara wa sọ̀rọ̀, eQSL, tí ó jẹ́ irú káàdì bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti Logbook of The World, ìwé àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń pè ní LoTW. LoTW ni mo gbẹ́kẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀rí. Síbẹ̀, n kò tíì jáwọ́ nínú káàdì kíkọ, n kò sì rò pé n ó jáwọ́ láìpẹ́.

Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀ pé òun bá ibùdó kan ní ìkángun ayé sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹnu ara ẹni jẹ́rìí ara ẹni. Ìdí tí QSL fi wà nìyẹn. DXCC, àmì-ẹ̀yẹ tí ARRL, ẹgbẹ́ àwọn oní-rédíò ham ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 1937, kò béèrè ju pé kí èèyàn mú ẹ̀rí wá láti ibi 100, ó kéré tán, nínú àwọn orílẹ̀-èdè àti erékùṣù tí ó wà nínú àtòjọ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì nìkan ni ẹ̀rí náà.

ARRL ṣí LoTW ní 2003. A kì í sanwó láti fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kò sì pọn dandan kí èèyàn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ìgbà tí a bá fẹ́ fi ìjẹ́rìí náà gba àmì-ẹ̀yẹ ni owó wọ̀ ọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ó le. Ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ TQSL ni a fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí fún àmì ìpè wa, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí rédíò. Ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà yóò gba káàdì kékeré kan nílé, tí nọ́ńbà àṣírí wà lórí rẹ̀. Àwa yòókù ní láti fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ wa àti ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ mìíràn ránṣẹ́, kí ẹnìkan fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ó sú mi nígbà náà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan wà tí ó bá ìwé ẹ̀rí yẹn rìn, orí kọ̀ǹpútà mi ni ó wà, òun ni ó sì ń buwọ́ lu gbogbo ìlà tí mo bá fi ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní in kò lè fi àmì ìpè mi jẹ́rìí èké. Mo dá ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sórí fílááṣì, nígbà tí mo sì pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo rọ ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ pé kí ó ṣe ẹ̀dà yẹn lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú LoTW ni bí ó ṣe ń fi ìwé méjì wé ara wọn. Èmi yóò fi tèmi ránṣẹ́, ẹnìkejì yóò fi tirẹ̀ ránṣẹ́, àfi bí àmì ìpè, báńdì (apá ìgbì rédíò tí a lò) àti irú ìtàgbà (bóyá ohùn ni tàbí òmíràn) bá bára mu, tí àkókò tí a kọ kò sì fi ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ síra, ni yóò tó kà á sí. Kì í fi ohun tí ẹnìkejì kọ hàn mí kí ó tó bá tèmi mu, nítorí náà n kò lè wo tirẹ̀ kí n tún tèmi ṣe. Èyí jẹ mí níyà rí. Mo yí ètò tí mo fi ń kọ àkọsílẹ̀ padà, n kò sì kíyè sí i pé aago ilé ni ó ń kọ dípò UTC, aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń lò. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ránṣẹ́ tí ìdáhùn kò sì wọlé tó bí ó ṣe yẹ. Mo ń rò pé àwọn èèyàn ni kò fi tiwọn ránṣẹ́. Ìgbà tí mo kọ̀wé sí ẹnìkan tí mo mọ̀ dáadáa, tí ó ní aago 20:14 ni òun kọ, tí èmi sì rí 21:14 nínú tèmi, ni ojú mi là. Mo tún àkókò gbogbo rẹ̀ ṣe, mo tún buwọ́ lù ú, mo sì fi ránṣẹ́ kí n tó sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjẹ́rìí ti ń wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Ti eQSL kò gùn. Ó ti wà láti 2000, ó sì rọrùn púpọ̀ láti bẹ̀rẹ̀; àwòrán káàdì gidi ni ó ń fi ránṣẹ́, ó sì ń dùn mọ́ mi láti wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ARRL kì í gbà á fún DXCC, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé CQ, ìwé ìròyìn rédíò ham, ti gba ti àwọn tí a ti yẹ̀ wò fún àmì-ẹ̀yẹ tirẹ̀. Mo ti rí káàdì gbà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí n kò bá sọ̀rọ̀ rárá. Ó jọ pé ó ṣi àmì ìpè gbọ́ ni. Mo kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ sì parí.

Láti ìgbà tí FT8, irú ìtàgbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lórí rédíò, ti dé ní 2017 ni ọ̀rọ̀ iye ti wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ìtàgbà kọ̀ọ̀kan ń gbà, bí ìgbì bá sì ń rìn jìnnà lórí báńdì mítà 20, mo lè bá ọgọ́ta èèyàn pàdé ní alẹ́ ẹyọ kan. Ta ni yóò kọ ọgọ́ta káàdì?

Káàdì ní àbùkù tirẹ̀, n kò ní bò ó. Èyí tí a bá gba ọ̀nà àwọn ẹgbẹ́ rédíò fi ránṣẹ́, tí wọ́n ń kó jọ ní ìdì-ìdì kí wọ́n tó há a, lè pé ọdún kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà. Èyí tí a bá fi ránṣẹ́ tààrà ń yá, ṣùgbọ́n àpòòwé ìdáhùn àti owó sítáǹpù ẹnìkejì wà lọ́rùn wa. Èyí tó dùn mí jù ni káàdì kan láti erékùṣù tí n kò tíì rí bá sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní. Ẹni tó kọ ọ́ kọ 40 sí ààyè báńdì, ó fa igi lé e, ó sì kọ 20 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ káàdì wò fún àmì-ẹ̀yẹ gbé e sún mọ́ iná, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì dá a padà fún mi: a kì í gba káàdì tí a ti yí nǹkan padà lórí rẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ, n kò sì bá a jà.

Ṣùgbọ́n káàdì mìíràn wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìbánisọ̀rọ̀ Mọ́ọ̀sì ni, èyí tí a ń fi ìró kúkúrú àti gígùn sọ. Ẹni náà fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé wáàtì márùn-ún péré ni òun lò, wáyà lásán tí òun so mọ́ ẹ̀ka igi ni áńténà òun, àti pé òjò ń rọ̀ nígbà tí òun gbọ́ mi. Mo wá ìbánisọ̀rọ̀ yẹn kan náà lórí LoTW. Àmì ìpè, ọjọ́, àkókò, báńdì àti irú ìtàgbà ni mo rí, kò sí agbára rédíò rẹ̀, kò sí bí ó ṣe gbọ́ mi sí, kò sí òjò. Ìlà yẹn ni ó wọ inú DXCC mi, káàdì yìí ni mo sì máa ń fi han ẹni tó bá bi mí pé kí ni mo ń rí nínú rédíò.

Ohun kan tún wà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ lu ẹ̀rọ ARRL, LoTW sì dákẹ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Nígbà tí ó padà, gbogbo ìjẹ́rìí mi ṣì wà níbẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé mi kò sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, àpótí káàdì mi nìkan ni ẹ̀rí tí mo lè fọwọ́ kàn.

Nísinsìnyí, kí n tó pa rédíò lálẹ́, mo máa ń fi TQSL buwọ́ lu gbogbo ohun tí mo kọ lọ́jọ́ náà, mo sì ń fi ránṣẹ́. Káàdì wà fún ẹni tó bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, fún ilẹ̀ tí mo bá kọ́kọ́ gbọ́, àti fún ẹni tó bá sọ fún mi pé èmi ni òun kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ lórí rédíò. UTC ni mo ń kọ sí i, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú bírò dúdú. Bí mo bá ṣi ẹyọ nọ́ńbà kan kọ, mo ń fa káàdì náà ya, mo sì ń mú òmíràn.